Nick Griffin, BNP àti àwa: ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí, pẹ̀lú ìdáhùn wọn

Ọmọ àbúrò mi tó dé sí Dagenham ní London láìpẹ́ yìí ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀. Ó wà nínú bọ́ọ̀sì, ó gbọ́ tí màmá àgbà òyìnbó kan ń sọ fún ìkejì ẹ̀ pé nǹkan le ládùúgbò yìí nígbà BNP, ó wá délé, kò tíì bọ́ bàtà, ó ní "Àǹtí, kí ló ń jẹ́ BNP?" Mo rò pé ìṣẹ́jú méjì ni màá fi ṣàlàyé, a jókòó títí di ọ̀gànjọ́. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti ń pè mí, tí ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà ń pè, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí. Mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹnu mi lè sinmi.

Ta ni Nick Griffin gan-an?

Olóṣèlú òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni, òun ló ṣe aṣáájú ẹgbẹ́ BNP nígbà kan. Barnet, lápá àríwá London, ni wọ́n ti bí i ní March 1, 1959. Àwọn kan rò pé ọmọ ìta tí ò rí ilé ìwé lọ ni, rárá o, Cambridge ló lọ, ó kàwé lọ́yà níbẹ̀, ó tún ń ja ẹ̀ṣẹ́ fún yunifásítì ọ̀hún. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó ti wọ National Front, ẹgbẹ́ tó máa ń kọrin pé kí wọ́n dá gbogbo èèyàn dúdú padà síbi tí wọ́n ti wá. Bàbá ẹ̀, Edgar, ọmọ ẹgbẹ́ Conservative ni ní tiẹ̀, Conservative wá lé bàbá náà jáde ní 2001 nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń bá wọn gbé fóònù BNP.

Ojú ẹ̀ kan ò ríran. Ní 1990 tó wà ní Faransé, ọta ìbọn kan bú gbàmù nínú iná, ó sì ba ojú òsì ẹ̀ jẹ́. Ẹ má fi ìyẹn bú u o, ìwà ẹ̀ nìkan ti tó bú.

BNP ńkọ́?

British National Party. John Tyndall ló dá a sílẹ̀ ní 1982, èrò tí wọ́n gbé kiri ò ju pé òyìnbó nìkan ló ni Britain, kí àwọn tó kù máa lọ sílé. Àwọn tó ń tẹ̀ lé Tyndall nígbà yẹn, orí fífá, bàtà ńlá, ìjà ìgboro. Griffin wọ ẹgbẹ́ náà ní 1995, nígbà tó fi máa di 1999 ó ti bá Tyndall du ipò aṣáájú, ó sì nà án mọ́lẹ̀ nínú ìbò ẹgbẹ́. Ẹ kíyè sí ọdún yẹn dáadáa, torí ọdún kan ṣáájú ẹ̀ ni wọ́n dá a lẹ́bi ní kóòtù.

Ẹjọ́ wo wá ni?

Ẹjọ́ ọ̀rọ̀ ìkórìíra. Ìwé ìròyìn kan wà tó ń ṣe, *The Rune* ni wọ́n ń pè é. Nínú ìwé yẹn ló ti ń bú àwọn Júù, tó ń ṣe bí ẹni pé irọ́ ni ìpakúpa tí ìjọba Hitler pa wọ́n. Griffin ń gbé ní Wales nígbà yẹn, aṣòfin kan níbẹ̀, Alex Carlile, lọ́yà ni òun náà, rí ọ̀kan nínú àwọn ìwé yẹn, ó sì gbé e fún ọlọ́pàá.

Wọ́n gbé e dé kóòtù Harrow ní 1998. Ẹnìkejì ẹ̀ tí wọ́n jọ fẹ̀sùn kàn gbà pé òun jẹ̀bi, Griffin ní òun ò jẹ̀bi rárá. Ẹ wá wo àwọn tó kó wá jẹ́rìí: ọ̀kan ni Robert Faurisson, ará Faransé tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa sọ pé Hitler ò pa Júù, ìkejì, ẹ gbọ́ o, èèyàn dúdú ni, Osiris Akkebala, ará Amẹ́ríkà tó gbà pé kí dúdú àti funfun má jọ gbé pọ̀. Ọmọ àbúrò mi ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ẹni tó ní kí dúdú máa lọ ló gbé dúdú wá láti bá a jẹ́rìí, ó ní ṣé ẹ rí i, àwọn náà gbà pẹ̀lú mi.

Júrì ò gbà á. Wọ́n dá a lẹ́bi pé ó tẹ ohun tó lè ru ìkórìíra ẹ̀yà sókè jáde. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń wí.

Ọdún mélòó ló wá ṣe lẹ́wọ̀n?

Kò lo ọjọ́ kan. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n dá fún un, àmọ́ wọ́n gbé ẹ̀wọ̀n náà kọ́ fún ọdún méjì, ìyẹn ni pé kó máa lọ sílé, tó bá tún ṣẹ̀ láàárín ọdún méjì yẹn ni wọ́n máa tó jù ú sẹ́wọ̀n. Wọ́n tún ní kó san £2,300.

Òfin tí wọ́n fi mú un ni Public Order Act ti 1986. Ọdún méjì ló pọ̀ jù tí adájọ́ lè fún èèyàn lábẹ́ ẹ̀ nígbà yẹn, 2001 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ọdún méje. Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣì í mú: ní Britain, kéèyàn kàn sọ pé Hitler ò pa Júù, ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin bó ṣe rí ní Jámánì àti Faransé. Ohun tí òfin ibí ń wò ni pé ṣé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ìhàlẹ̀, èébú tàbí ìfini-wọ́lẹ̀, àti pé ṣé ó lè mú kí àwọn èèyàn kórìíra ẹ̀yà kan. Ọlọ́pàá nìkan ò sì lè dá gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ kóòtù, Attorney General gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Wọ́n dá a lẹ́bi, ó tún wá du ipò? Báwo?

Òfin ò dí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń ṣẹ̀wọ̀n tó ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ni òfin ní kò lè du ipò aṣòfin, tiẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀, kò sì wà lẹ́wọ̀n. Àwa ará Nàìjíríà kọ́ lèyí máa yà lẹ́nu ṣá.

Àmọ́ ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Èèyàn máa rò pé tí kóòtù bá ti lè sọ pé ọ̀gbẹ́ni yìí ń ru ìkórìíra sókè, ó parí. Kò parí. Lẹ́yìn ìdálẹ́bi yẹn ló wá gòkè jù. Ó dé ipò aṣáájú, ó ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ lọ ra sùútù àti táì, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Júù sílẹ̀, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ilé, iṣẹ́ àti ibùsùn ọsibítù. Ohun tó kọ́ ní Harrow, lójú tèmi o, ni bó ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà tí ọwọ́ òfin ò ní tẹ̀ ẹ́.

Ní 2001, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Oldham, ìlú kan lápá àríwá England, láàárín àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó àti àwọn ọmọ Pakistan àti Bangladesh. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni ìbò, Griffin du ipò níbẹ̀, ó gba 16.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ lórí pèpéle lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ló bá fi nǹkan di ara ẹ̀ lẹ́nu, ó wọ súẹ́tì tó kọ ọ̀rọ̀ sí pé wọ́n pa òun lẹ́nu mọ́ torí òun sọ òtítọ́. Fọ́tò yẹn kárí ayé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e BNP gba ipò káńsẹ́lọ̀ mẹ́ta ní Burnley, lápá àríwá níbẹ̀ náà.

Kí ló wá kan Yorùbá níbẹ̀?

Ẹ̀n-ẹ́n. Ibi tí mo ti ń bọ̀ nìyẹn.

Barking àti Dagenham tí àwa ń gbé yìí, ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ òyìnbó ló kún ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, láti 1921, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé Becontree fún wọn, ó lé ní ilé 26,000, ilé káńsù, ìyẹn ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń háyà, ni gbogbo ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé iṣẹ́ mọ́tò Ford dé, nígbà tó gbóná jù bí 40,000 èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bàbá á ṣe é, ọmọ á ṣe é. Nígbà tó di 1980 ìjọba ní kí ẹni tó bá wà nílé káńsù máa rà á ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n rà á, káńsù ò sì kọ́ òmíràn dípò ẹ̀. Ní 2002 Ford dáwọ́ mọ́tò títò dúró ní Dagenham. Ilé tán, iṣẹ́ lọ. Àkókò yẹn gan-an làwa dé, láti Hackney, láti Peckham, torí pé ibí ni ilé ti gbọ̀pọ̀ jù ní gbogbo London. Ní 2001, bí 81 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ibí ló jẹ́ òyìnbó Britain, nígbà tí wọ́n tún kà ní 2011, wọn ò tó àádọ́ta mọ́.

Ẹ fi ara yín sípò wọn díẹ̀. Ọmọ ẹ ti ń dúró de ilé káńsù láti ọdún gbọọrọ, ilé tó tẹ̀ lé tìẹ, ìdílé ará Nàìjíríà kó wọ ibẹ̀, wọ́n so kọ́tìnnì tuntun, wọ́n ń ṣe ìsọmọlórúkọ ní Sátidé. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹ pé wọ́n yá owó ni, pé ọkọ ń ṣe sìkiọ́rítì lóru, ìyàwó ń tọ́jú àgbàlagbà lọ́sàn-án. BNP ló wá kanlẹ̀kùn, wọ́n fún ẹ ní ìdáhùn.

Ìdáhùn yẹn ni ìwé pélébé tí wọ́n ń jù sílé ní ìbò 2006. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ètò ìkọ̀kọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní "Africans for Essex", pé wọ́n ń fún àwọn ìdílé ará Áfíríkà lówó tó tó £50,000 kí wọ́n lè wá ra ilé ládùúgbò yìí. Irọ́ funfun báláú. Ìyá kan tá a jọ ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, ó bá a lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó ti iṣẹ́ dé láàárọ̀. Ó fi díńgí ojú sí i, ó kà á sókè fún mi lórí fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní "Fífítì táúsáńdì pọ́n-ùn! Ọ́fíìsì wo ni wọ́n ti ń pín in, kí n lọ tò?" Nígbà tí mo délé ẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè mo rí ìwé náà, ó ti ká a sí mẹ́rin, ó fi ti abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. A rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló ń já ọjà wọlé tí ọkùnrin kan tó ń kọjá bi í pé ṣé owó àwọn ló fi rà á. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ìyẹn fún mi.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò, BNP gba káńsẹ́lọ̀ 12 nínú 51. Lẹ́yìn ẹgbẹ́ Labour, àwọn ló pọ̀ ṣìkejì. Margaret Hodge, tó jẹ́ aṣòfin Barking nígbà yẹn, ti kọ́kọ́ sọ nínú ìròyìn ṣáájú ìbò pé mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìdílé òyìnbó tí òun bá lẹ́nu ọ̀nà ló ní àwọn lè dìbò fún BNP, àwọn èèyàn bínú sí i pé ìpolówó ló ṣe fún wọn. Èmi náà bínú nígbà yẹn. Ní báyìí mo rò pé ó kéré tán ó sọ ohun tó rí.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n tún gbé e lọ kóòtù, tí wọ́n sì dá a sílẹ̀?

Òótọ́ ni. Oníròyìn BBC kan wọ inú ẹgbẹ́ wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, ó fi kámẹ́rà pamọ́ sára, wọ́n gbé e jáde ní 2004. Griffin wà níbẹ̀ tó ń pe ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní ẹ̀sìn burúkú. Wọ́n gbé òun àti Mark Collett, tí wọ́n jọ wà nínú BNP, lọ kóòtù Leeds ní 2006. Júrì àkọ́kọ́ dá wọn sílẹ̀ lórí àwọn ẹ̀sùn kan, wọn ò fẹnu kò lórí àwọn tó kù, wọ́n tún un gbọ́ ní November, wọ́n dá wọn sílẹ̀ pátápátá.

Ìdí? Òfin 1986 yẹn, ẹ̀yà ló wà fún. Kóòtù ti gbà látẹ̀yìnwá pé ẹ̀yà ni àwọn Júù, ẹ̀yà ni àwọn Sikh, àmọ́ Mùsùlùmí ò ṣe é pè ní ẹ̀yà, a rí Yorùbá Mùsùlùmí, a rí òyìnbó Mùsùlùmí. Griffin ní ẹ̀sìn lòun bú, òun ò bú ẹ̀yà. Òfin mìíràn tó dá lórí ìkórìíra ẹ̀sìn jáde lọ́dún yẹn náà, àmọ́ ó le ju ti ẹ̀yà lọ láti fi múni, ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìhàlẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ hàn pé ẹni náà mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ ru ìkórìíra sókè ni.

Báwo ló ṣe wá dé ilé aṣòfin Yúróòpù?

June 2009. Ìròyìn ti jáde pé àwọn aṣòfin ń fi owó ìjọba tún ilé ara wọn ṣe, inú ń bí gbogbo èèyàn, àwọn tó máa ń dìbò fún Labour jókòó sílé. BNP gba ìbò 943,598 ní gbogbo Britain, wọ́n wọlé méjì, Griffin ní North West àti Andrew Brons ní Yorkshire. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ìbò tí BNP rí ní North West lọ́dún yẹn dín díẹ̀ sí èyí tí wọ́n rí ní 2004 tí wọn ò wọlé. Èrò ẹ̀yìn wọn ò pọ̀ sí i, àwọn tó kù ni ò jáde.

Nínú ìpolówó ìbò yẹn ni wọ́n ti gbé fọ́tò ọkọ̀ òfuurufú ogun Spitfire jáde pé kí Britain tún jà bíi ti ìgbà Hitler. Ẹnìkan wo àmì ara ọkọ̀ náà dáadáa, ọkọ̀ àwọn ará Poland tó wá bá Britain jà ni. Àwọn àjèjì tí wọ́n ní kó máa lọ!

Lọ́jọ́ kejì tí èsì jáde ó lọ bá oníròyìn sọ̀rọ̀ níwájú ilé aṣòfin ní London, wọ́n fi ẹyin bò ó.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní *Question Time*?

October 22, 2009. Ètò BBC tí olóṣèlú ti máa ń dáhùn ìbéèrè aráàlú ni. Àwọn kan ní kí BBC má pè é, àwọn kan ní ó ti wọlé ìbò, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é. Àwọn alátakò ń pariwo níta, bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ èèyàn ló wò ó nílé, èmi náà wò ó, mo gbé oúnjẹ kalẹ̀ mi ò lè jẹ ẹ́.

Ìjókòó wọn ló kọ́kọ́ gba ojú mi. Ẹ̀gbẹ́ Bonnie Greer ni wọ́n fi Griffin sí, obìnrin dúdú tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tó ń kọ eré orí ìtàgé. Tó bá ti fẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i báyìí, obìnrin náà á kọjú síbòmíì. Dimbleby tó ń darí ètò ń ka ohun tó ti sọ sẹ́yìn fún un, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń sọ pé òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi í nípa ìpakúpa àwọn Júù, ó ní òun ti yí èrò òun padà àmọ́ òfin Yúróòpù ò jẹ́ kóun ṣàlàyé ìdí. Jack Straw tó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́ wà níbẹ̀ gan-an, ó ní kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Griffin ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba tiẹ̀ jẹ́. Ó tún wá sọ pé aṣáájú Ku Klux Klan kan tóun bá rìn (ẹgbẹ́ òyìnbó Amẹ́ríkà tó kórìíra èèyàn dúdú), apá tiẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà kì í fẹ́ẹ́ hùwà ipá.

Ṣé èèyàn dúdú lè wọ BNP?

Tẹ́lẹ̀ rárá, ó wà nínú òfin ẹgbẹ́ wọn. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọgbọọgba gbé wọn lọ kóòtù ní 2009, wọ́n yí òfin náà padà ní February 2010, kóòtù tún ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì kù nínú ẹ̀. Ta ló tiẹ̀ fẹ́ wọ̀ ọ́?

Kí ló wá gbé e ṣubú?

Ìbò àti gbèsè. May 6, 2010, ó fi Wales sílẹ̀ wá du ipò aṣòfin ní Barking níbí, ó rò pé àwọn káńsẹ́lọ̀ 12 yẹn ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún un. Àwọn tó ń ta kò ó ń lọ láti ilé dé ilé fún ọ̀pọ̀ oṣù, òyìnbó, dúdú, ará Éṣíà. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìbò, ọ̀kan nínú àwọn èèyàn BNP bá àwọn ọ̀dọ́ ọmọ Éṣíà jà ní títì, fídíò ẹ̀ wọ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ka ìbò: Hodge, tí òbí ẹ̀ jẹ́ Júù tó sá kúrò lábẹ́ Hitler, tí wọ́n bí i sí Íjíbítì, gba 24,628, Griffin gba 6,620, ipò kẹta. Àwọn káńsẹ́lọ̀ 12, kò ku ẹyọ kan. Labour kó gbogbo 51.

Lẹ́yìn ìyẹn ìjà wọ inú ilé wọn. Ní 2011 Brons bá a du aṣáájú, ìbò mẹ́sàn-án péré ni Griffin fi borí, 1,157 sí 1,148. Ní January 2014 kóòtù kéde ẹ̀ ní báńkírọ́ọ̀tì, ní May ó pàdánù ipò ẹ̀ ní Yúróòpù, ní July ó kúrò ní aṣáájú, ní October ẹgbẹ́ lé e. Gbogbo ẹ̀ nínú ọdún kan ṣoṣo. Káńsẹ́lọ̀ tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ BNP kúrò nípò ní 2018.

Àwa tí ò ní páásípọ́ọ̀tù Britain, ṣé a lè dìbò níbí?

Ẹ lè dìbò! Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, tó o bá ti pé ọdún 18, tó o ń gbé níbí, tí ìwé ìgbélùú ẹ sì péye, forúkọ sílẹ̀, wàá dìbò káńsù, wàá dìbò aṣòfin. Ọ̀pọ̀ wa ni ò mọ̀, àní èmi náà lo ọdún mẹ́ta níbí kí n tó mọ̀.

Tí ẹnìkan bá wá ju irú ìwé yẹn sílé mi lónìí ńkọ́?

Ẹ má ya á, ẹ má jù ú nù, ẹ má sì gbé e sí WhatsApp, ẹ ò mọ iye èèyàn tẹ́ ẹ máa bá wọn kó o dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ tojú tẹ̀yìn, ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀: ìwé ìbò gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó tẹ̀ ẹ́ àti ẹni tó ní ká tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ ìhàlẹ̀ tàbí èébú ẹ̀yà, ẹ pe ọlọ́pàá lórí 101, tí ẹni náà bá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń fẹ́ jà, 999.

Níbo ló wà báyìí?

Ó gbìyànjú àtidá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀, kò rìn jìnnà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti máa sọ ni ti 2017. Ó ní Britain ti bàjẹ́, àwọn àjèjì ti pọ̀ jù, òun fẹ́ kó lọ máa gbé ní Hungary. Ní May, ìjọba Hungary ní kó má wá.

Ọmọ àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀. Ó ní "Àǹtí, wọ́n fún òun náà ní refusal?"